Ìwé àṣẹ kí n tó wọ ìlú? Ta ni àwọn ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Ọsirélíà yìí gan-an?

Bísí_Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́ Ajé, aago 9 alẹ́)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Alice Springs ni mo wà, láàárín gbùngbùn Ọsirélíà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi débẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìlú àwọn Warlpiri, ìrìn bíi wákàtí mẹ́rin nínú eruku pupa. Mo ti di ẹrù tán. Ni ọ̀gá mi bá bi mí pé ṣé mo ti gba ìwé àṣẹ. Mo ní àṣẹ kí ni, ṣebí orílẹ̀-èdè kan náà ni? Ó ní ilẹ̀ àwọn Aboriginal ni, ìyẹn àwọn tó ti wà ní Ọsirélíà kí òyìnbó tó dé, Central Land Council, ìgbìmọ̀ ilẹ̀ wọn, ló ń fún èèyàn ní ìwé tó máa fi wọ̀ ọ́. Mo kọ ohun tí fọ́ọ̀mù béèrè: orúkọ mi, ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe, ọjọ́ tí mo máa dé, ọjọ́ tí mo máa kúrò. Wọ́n fún mi.

Kò dùn mí o, ó kàn yà mí lẹ́nu ni. Ta ni ìgbìmọ̀ yìí? Ìjọba ni wọ́n ni, àbí ọba, àbí ọmọ onílẹ̀ tó wọ kóòtù? Ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lọ́yẹ̀.

Àgbà_Mushin
Ọmọ onílẹ̀ ni, kí ló tún kù! Ibi gbogbo là ń dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló dùn ju ara wọn lọ. Èmi tí mo san owó ìpìlẹ̀, tí mo san owó dẹ́kínì, tí mo san owó òrùlé fún àwọn ọmọkùnrin kan lẹ́yìn Ìkòròdú, tí ìdílé mìíràn tún dé pé àwọn gan-an ló ni ilẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ fún mi nípa onílẹ̀. Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ?

Bísí_Nọ́ọ̀sì
Wọn ò gba kọ́bọ̀ sà.

Àgbà_Mushin
Hẹn-ẹn. O ò tíì fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni.

Akin_Darwin
Ẹ̀gbọ́n Mushin, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sà, ọ̀rọ̀ yìí kò jọ ti Ìkòròdú. Sọ̀fíyọ̀ ni mí, ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń wọn ilẹ̀ ní Northern Territory, mo sì ti dúró de ìwé bíi ti Bísí yìí títí tí mo fi sùn nínú ọkọ̀.

Bísí, Territory tí o wà yẹn fẹ̀ ju Nàìjíríà lọ. Ó tó 1,350,000 kìlómítà níbùú lóòró, Nàìjíríà kò ju 923,768 lọ. Gbogbo èèyàn tó wà nínú rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí 250,000. Bí ìdajì ilẹ̀ náà ló jẹ́ ti àwọn Aboriginal lábẹ́ òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1976. Ìwé ilẹ̀ náà kò ṣeé tà, kò ṣeé fi yáwó ní báńkì, ìjọba ò sì lè kàn já a gbà bó ṣe wù ú.

Ohun tó máa ń dàrú mọ́ àlejò lójú ni pé ọ̀tọ̀ lẹni tó ni ilẹ̀, ọ̀tọ̀ lẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń ṣe wọlé-wọ̀de. Àwọn ìdílé tí baba ńlá wọn ti ibẹ̀ ṣẹ̀ wá ló ni ín. Ìwé wà lọ́wọ́ àjọ kan tí wọ́n ń pè ní land trust, àjọ yẹn kò sì lè dá ṣe ohunkóhun, àfi ohun tí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ bá ní kó ṣe. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀, ìyẹn land council, ló ní ọ́fíìsì, lọ́yà, sọ̀fíyọ̀, ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà, òfin ti dì í lọ́wọ́: kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí líìsì kankan àfi tí àwọn onílẹ̀ bá mọ ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn yéké, tí gbogbo wọn sì gbà á pọ̀ bí ìdílé. Ìránṣẹ́ ni, kì í ṣe olúwa. Mẹ́rin ni wọ́n ní Territory. Northern tó wà ní Darwin, Central tí Bísí gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn ìlú àti abúlé ń yan ọmọ ìgbìmọ̀ 90 sí, àti méjì tó jẹ́ ti erékùṣù: àwọn Tiwi tó dá tiwọn sílẹ̀ ní 1978, àti Anindilyakwa ti Groote Eylandt ní 1991.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí. Wọ́n fẹ́ wa òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa fi tún títì ṣe ní ilẹ̀ Warlpiri. Ìgbìmọ̀ pe ìpàdé sábẹ́ igi. A tẹ́ máàpù tí mo yà sílẹ̀, a fi òkúta tẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan igun nítorí afẹ́fẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sí iwájú, òun ni wọ́n ń pè ní kirda, ọmọ tó gba ilẹ̀ náà láti ọ̀dọ̀ baba. Mo rò pé òun ló máa dáhùn. Kò sọ̀rọ̀. Ó kọjú sí ọkùnrin kan tó wọ fìlà bọ́ọ̀lù, tó dúró sẹ́yìn bí ẹni pé kò kàn án. Ọmọ arábìnrin bàbá náà ni, kurdungurlu, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ilẹ̀ yẹn wá. Kirda ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n kurdungurlu ló ń ṣọ́ bí kirda ṣe ń lò ó. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka fa ìlà sórí máàpù mi, ó ní apá ibí yìí, ẹ wà á. Ẹ̀yìn òkè yẹn, rárá. Ó tán nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ya máàpù náà, ìka kan ló tún un yà.

Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Haa! Ọmọ obìnrin ló ń ṣọ́ ọmọ ọkùnrin. Ẹ má jẹ́ kí àwọn bàbá wa kan ka èyí o.

Ẹ̀gbọ́n Akin, báwo ni wọ́n ṣe rí ilẹ̀ gbà padà? Òyìnbó kì í kàn dá nǹkan padà.

Akin_Darwin
Wọn ò kàn dá a padà lóòótọ́. Ní 1963, àwọn Yolngu ní Yirrkala, ní ìhà àríwá, gbọ́ pé ìjọba ti gé nínú ilẹ̀ wọn fún àwọn tó fẹ́ wa bauxite, òkúta tí wọ́n ń yọ alumíníọ̀mù nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ní èdè tiwọn àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèpo igi, wọ́n ya àwòrán sí etí rẹ̀ yíká, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin. Wọ́n tún lọ sí kóòtù. Ní 1971 adájọ́ Blackburn gbà pé wọ́n ní òfin ilẹ̀ tó yè kooro, ó wá ní òfin Gẹ̀ẹ́sì ò mọ irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàdánù.

Èyí tó máa ń wú mi lórí jù ni ti Vincent Lingiari. Darandaran ni, ọmọ Gurindji, lóko màlúù Wave Hill tó jẹ́ ti Vestey, olówó Gẹ̀ẹ́sì. Owó táṣẹ́rẹ́ àti ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń san wọ́n. Ní oṣù August 1966, Lingiari kó bí igba èèyàn, tọkọtaya tọmọdé, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn kúrò lóko. Gbogbo ayé rò pé owó iṣẹ́ ni wọ́n ń jà fún. Wọ́n lọ tẹ̀dó sí Daguragu, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́, ilẹ̀ àwọn rèé. Ọdún mẹ́sàn-án! Ní August 1975, olórí ìjọba, Gough Whitlam, wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó bu yanrìn pupa sí ọwọ́ Lingiari. Líìsì ni wọ́n fún wọn lọ́jọ́ yẹn o, kì í ṣe ilẹ̀ pátápátá. Èyí tí kò ṣeé gbà padà, 1986 ló tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Òfin 1976 náà ló jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú
Mo ti ń kà yín láti àná, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí ọ̀rọ̀ yìí tan mọ́ Èkó, kì í ṣe àfiwé lásán.

Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà pé. Kóòtù Èkó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ò ju ti olórí tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ, iye tí ìṣákọ́lẹ̀ tó ni kó gbà. Olúwa ò gbà. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ. Ní 1921, Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì mú sìn, dá a láre. Wọ́n ní pé ọba Gẹ̀ẹ́sì di aláṣẹ lórí ìlú kò túmọ̀ sí pé ó ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Pé àṣẹ ọba wà lókè, ẹ̀tọ́ ìdílé wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹrù tí àṣẹ náà rù. Pé kí àwọn adájọ́ ṣọ́ra kí wọ́n má fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ tí gbogbo ìdílé jọ ni. Kí wọ́n san owó rẹ̀ bí ẹni ra ilẹ̀ pátápátá.

Ẹ wá wò ó. Eddie Koiki Mabo, ọmọ erékùṣù Mer ní Torres Strait, ń ṣiṣẹ́ ọgbà ní yunifásítì kan ní Townsville nígbà tí àwọn olùkọ́ kan sọ fún un pé ilẹ̀ tó ń pè ní tirẹ̀ nílé, ti ìjọba ni lójú òfin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbàgbọ́. Òun àti àwọn ará Mer mìíràn gbé ìjọba ìpínlẹ̀ Queensland lọ sí kóòtù ní 1982. Àgbẹ̀ ni àwọn ará Mer, ààlà oko wọn ṣe kedere bí ìgbà tí a bá gbin pèrègún sí i. Wọ́n ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní òfin Malo, òrìṣà wọn: Malo kì í fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kì í gba ojú ọ̀nà ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 3 oṣù June 1992, adájọ́ mẹ́fà sí ẹnì kan ní ilé ẹjọ́ gíga Canberra ní àwọn ará Mer ló ni ilẹ̀ wọn, irọ́ sì ni pé Ọsirélíà kò ní onílẹ̀ nígbà tí òyìnbó dé. Mabo ti kú ní January ọdún yẹn.

Ẹ ṣí ìdájọ́ adájọ́ Brennan wò: ẹjọ́ Olúwa wà níbẹ̀, ó gbára lé e gidigidi. Àṣẹ ọba lókè, ẹ̀tọ́ onílẹ̀ nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nípa Àpápá. Ẹjọ́ Oyèkàn àti Adélé ti 1957, tí wọ́n jà lórí Ìgà Ìdúngànran, ààfin ọba Èkó, náà wà níbẹ̀. Brennan sì kọ ẹjọ́ Southern Rhodesia ti 1919 sílẹ̀, èyí tí Privy Council kan náà ti sọ pé àwọn ẹ̀yà kan rẹlẹ̀ débi pé a ò lè ka ẹ̀tọ́ ilẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Ọdún méjì péré ló wà láàárín Rhodesia àti Olúwa. Èmi tí mo ka ẹjọ́ Olúwa nílé ìwé kí n lè yege ìdánwò, mi ò mọ̀ pé ó ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀yin ará, Yorùbá ló gba ilẹ̀ fún Ọsirélíà! Mo ń lọ gbé e sórí Facebook báyìí.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú
Àbúrò, dákun, má gbé irú ẹ̀ lọ síbì kankan. Ọdún mẹ́wàá ni Mabo àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi jẹ́rìí lórí ààlà oko wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olúwa kàn là ọ̀nà kan tí adájọ́ rí gbà ni.

Ṣadé_Perth
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ará Darwin lẹ̀ ń gbádùn. Ẹ wá wo bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ wa ní Western Australia. Mo ṣe kúùkù ọdún méjì ní àgọ́ àwọn awakùsà ní Pilbara, ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé wa lọ gbé wa bọ̀. A ò ní irú òfin 1976 yẹn. Ti Mabo la ní, ìyẹn native title, òfin tí wọ́n ṣe ní 1993. Kò sí "rárá" nínú rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ sísọ ló wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwakùsà á bá àwọn onílẹ̀ jókòó, bí oṣù mẹ́fà bá pé tí wọn ò fẹnu kò, iléeṣẹ́ lè gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ kan, ìgbìmọ̀ yẹn ni yóò pinnu bóyá kí wọ́n wà á. Ẹ fojú ara yín wo ẹni tó sábà máa ń jàre.

Ẹ rántí Juukan Gorge. Ihò àpáta tí èèyàn ti ń wọ̀ láti nǹkan bí 46,000 ọdún. Wọ́n rí irun dídì níbẹ̀ tó ti tó 4,000 ọdún, àyẹ̀wò DNA sì fi hàn pé ó bá àwọn Puutu Kunti Kurrama àti Pinikura tí wọ́n wà láyé lónìí tan. Rio Tinto, iléeṣẹ́ ìwakùsà ńlá kan, ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ní 2013, lábẹ́ òfin 1972 tí kò fún onílẹ̀ láyè láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní May 2020 wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ọ, irin tí wọ́n ń wá wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin ò ká wọn mọ́. Ariwo aráyé ló lé ọ̀gá àgbà wọn àti àwọn méjì mìíràn kúrò níṣẹ́.

Akin_Darwin
Òótọ́ lo sọ, Ṣadé. "Rárá" ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ní Territory, bí onílẹ̀ bá ní kí iléeṣẹ́ má wá wá kùsà, ó di ọdún márùn-ún kí wọ́n tó lè padà wá bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwa náà ní àbùkù tiwa: àwọn tó ṣe òfin 1976 mọ̀ọ́mọ̀ yọ ibi kan kúrò, ìyẹn Ranger, níbi tí uranium wà lórí ilẹ̀ àwọn Mirarr. Gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, àfi Mirarr. Iṣẹ́ uranium kò dúró lórí ilẹ̀ wọn títí di 2021. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ ṣí Jabiluka lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Yvonne Margarula, àgbà Mirarr, pe àgbáyé jọ ní 1998, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wá jókòó dí ọ̀nà. Kò sí ibi ìwakùsà kankan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ yẹn títí di òní, ìjọba sì kọ̀ láti tún líìsì rẹ̀ ṣe ní 2024.

Àgbà_Mushin
Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ òfin, ẹ ò sọ̀rọ̀ owó. Níbi tí kùsà bá wà, owó wà. Ta ló ń gbà á? Ẹ má sọ fún mi pé ọ́fíìsì ńlá yẹn ò jẹ níbẹ̀.

Akin_Darwin
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kan egbò. Iye tí awakùsà bá san fún ìjọba lórí ilẹ̀ yẹn, ìjọba á yọ iye kan náà láti inú àpò tirẹ̀, á fi sí àkáǹtì kan, Aboriginals Benefit Account. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kùsà kan ilẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀: ta ló jẹ́ ọmọ ìdílé, ta ni kì í ṣe. Ẹni tí kò dé ilẹ̀ náà rí lọ́gbọ̀n ọdún á dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín owó. Ẹ ò rí i pé ẹ mọ̀ wọ́n?

Ìgbìmọ̀ náà máa ń ṣì í. Ẹ wo Muckaty, ilẹ̀ kan ní Territory. Ní 2007, Northern Land Council gbà kí wọ́n fi ibẹ̀ sórúkọ fún ibi tí wọ́n máa kó pàǹtí núkílíà sí, wọ́n ní àwọn onílẹ̀ ti gbà. Apá kan gbà. Àwọn yòókù ní àwọn ò gbà, wọ́n ní ilẹ̀ àwọn náà ni. Wọ́n jọ dé kóòtù, àárín ẹjọ́ ni ìgbìmọ̀ àti ìjọba ti kó ọ̀rọ̀ náà kúrò ní June 2014. Ọdún méje! Tí wọ́n bá ti jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú gbogbo wọn ní ọjọ́ kìn-ín-ní, tí wọ́n fi sùúrù wo ojú ẹni tó dúró sẹ́yìn...

Àgbà_Mushin
Mo ní kí ẹ má purọ́ fún mi. Ó ṣeun tí o sọ òótọ́.

Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Àwọn tí wọ́n ń gbé Sydney ńkọ́? Ta ló fẹ́ jẹ́ kirda ní àárín ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?

Ṣadé_Perth
New South Wales gba ọ̀nà mìíràn. Òfin tiwọn, 1983, bí o bá ti jẹ́ Aboriginal, kò bi ọ́ léèrè ilẹ̀ tí baba ńlá rẹ ti ṣẹ̀ wá, ibi tó ò ń gbé ló ń wò jù, nítorí wọ́n ti fọ́n àwọn èèyàn ibẹ̀ ká tipẹ́. Wọ́n ní nǹkan bí 120 ìgbìmọ̀ kéékèèké, ilẹ̀ ìjọba tí kò sẹ́ni tó ń lò ni wọ́n ń béèrè. Fún ọdún 15, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà lọ sápò wọn, kí wọ́n lè fi ra ohun tí òfin ò lè dá padà.

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú
Ẹ̀gbọ́n Mushin béèrè owó, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ní 2019, ilé ẹjọ́ gíga Ọsirélíà ṣírò owó gbà-máà-bínú fún ilẹ̀ àwọn Ngaliwurru àti Nungali ní Timber Creek tí ìjọba ti lò láìbéèrè. Ìdajì iye tí èèyàn máa fi ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pátápátá ni wọ́n ní kí wọ́n san, nítorí pé ẹ̀tọ́ tiwọn kò lé ẹlòmíràn jáde. Wọ́n wá fi 1,300,000 dọ́là lé e fún ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀mí àti àṣà wọn, nítorí ipa ọ̀nà àwọn baba ńlá gba ibẹ̀ kọjá. Olúwa gba odindi ní 1921, lábẹ́ òyìnbó amúnisìn. Àwọn wọ̀nyí gba ìdajì.

Kí ẹ má sì rò pé mo ń yangàn. Ọdún méjì lẹ́yìn tí Ọsirélíà ṣe òfin 1976 tó dá ilẹ̀ padà fún ìdílé, àwọn ológun wa ṣe òfin ilẹ̀ 1978, wọ́n kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Olúwa ì bá bínú.

Bísí_Nọ́ọ̀sì (ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà)
Mo ti dé o. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí níbẹ̀, òní ni mo tó ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n Akin àti ẹ̀gbọ́n Lọ́yà.

Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà. Ìyá àgbà kan ló béèrè. Mo ń wọn ìfúnpá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ní níbo ni ilẹ̀ bàbá rẹ? Mo ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ ìyá rẹ ńkọ́? Mo ní Ìṣẹ́yìn. Ó ronú díẹ̀, ó ní kirda ni mí ní Ìbàdàn, kurdungurlu ni mí ní Ìṣẹ́yìn. Ó ní ìgbà wo ni mo dé Ìṣẹ́yìn kẹ́yìn. Mo ní ọdún mọ́kànlá. Ó wo ojú mi bí ẹni pé ìfúnpá tèmi ló yẹ kí wọ́n wọ̀n. Ó ní ta ló wá ń ṣọ́ wọn?

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ọ̀rọ̀ kan wà nípa oko bàbá ìyá mi níbẹ̀ tí àwọn bùrọ̀dá mi kan ń gé tà. Ṣé mo lè kọ sí yín ní ìkọ̀kọ̀?

Lọ́yà_Ìjẹ̀bú
Kọ ọ́. Fi fọ́tò ìwé oko náà sí i tó bá wà.

Àgbà_Mushin
Bísí, fọ́ọ̀mù àwọn èèyàn yẹn ńkọ́, o ní fọ́tò rẹ̀? Orúkọ, ohun tí o wá ṣe, ọjọ́ tí o máa kúrò. Mo fẹ́ tẹ tèmi jáde, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gééètì mi ní Ìkòròdú.